Olórin ìwòyí wo ló wọ̀ yín lára?

Télọ̀_Adó
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni mo ní nítòsí Fájuyì l'Ádó, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́ta, orin Asake ni láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n á so fóònù mọ́ sípíkà, mi ò ní gbọ́ ìró maṣíìnì èmi fúnra mi. Mo bínú títí, mo ní ṣé orin rèé àbí àwọn èrò ọkọ̀ ló ń jà. Àfi lọ́jọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, sípíkà kú, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́, mò ń fẹsẹ̀ wa maṣíìnì mi jẹ́jẹ́ ni mo bá gbọ́ ẹni tó ń gbè é geere. Èmi ni! Àwọn ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan fi abẹ́rẹ́ gún ọwọ́. Àtìgbà yẹn mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló wọ̀ yín lára tẹ́ ẹ ò rò ó tì?

Dírẹ́bà_Ìlawẹ̀
Haha àǹtí, Ìyá Asake la ó máa pè yín báyìí. Falz ni tèmi, ọmọ ulé ni kẹ̀, ọmọ Ìlawẹ̀ ni bàbá ẹ̀, Fẹ́mi Fálànà. Lọ́yà ni bàbá, lọ́yà ni ìyá, òun náà lọ ka lọ́yà ní Reading nílùú Ọba, ó di lọ́yà tán ní 2012, ló bá gbájú mọ́ orin. Ká ní ọmọ yín ni ńkọ́? Èmi ì bá sunkún. Òyìnbó tó ń fi ohùn Yorùbá sọ yẹn ló ń pa mí, bíi tàwọn ẹ̀gbọ́n wa tó bá ti Èkó dé nígbà Kérésì tí wọ́n fẹ́ ká mọ̀ pé ojú àwọn ti là. Ó gbọ́ òyìnbó dáadáa o, ó kàn ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Tí mo bá ti fi "Soldier" tóun àti Simi ṣe sí i nínú ọkọ̀, ó parí, àwọn obìnrin á gbè sẹ́yìn Simi, àwọn ọkùnrin á gbè sẹ́yìn sọ́jà tó ń dẹnu kọ ọ́, ẹlòmíì á bọ́ọ̀lẹ̀ tán á gbàgbé ṣéńjì.

Ìyá_Ìkẹ́rẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọmọ mi. Tíṣà Yorùbá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ mi obìnrin ló fi Aṣa sórí fóònù mi, a kọ́kọ́ jà lórí orúkọ yẹn, mo ní ṣé àṣà ni àbí àṣá, ó ní àṣá tó ń gbé òròmọdìẹ ni. Ìgbà tó fi "Ẹyẹ Àdàbà" sí i, èyí tó wà nínú àwo ẹ̀ àkọ́kọ́ ní 2007, ẹ̀rín pa mí. Ẹ gbọ́ ná, àṣá ló ń kọrin àdàbà! Paris ni wọ́n bí ọmọ yẹn sí o, síbẹ̀ mi ò ní láti méfò ohun tó ń sọ. Àwọn olórin míì, ohùn orin á gbé ọ̀rọ̀ lọ, ọkọ ẹni á di ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè. Ìdájí ni mo máa ń gbọ́ ọ, kí n tó gbé ẹ̀kọ kaná.

Ọmọ_Ọ̀yẹ́
Ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ inú orin Asake yẹn ò kún ṣíbí. 9ice ni tèmi, Gongo Aṣọ, 2008, òwe lórí òwe. Bàbá mi tó kórìíra orin ọmọdé bí nǹkan míì, òun ló máa ń ní kí n tún un fi sí i.

Ẹlẹ́tí_Fújì
Àbúrò, o ò jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ lò ń wá, ègbè ni kó o gbọ́. Lọ gbọ́ àwo "Mr Money With the Vibe" tí Asake gbé jáde ní 2022, ohùn tó ń dáhùn yẹn, bí ẹni pé gbogbo àdúgbò ló ń dáhùn, orin wéré nìyẹn, tí wọ́n fi ń jí wa jẹ sààrì nígbà ààwẹ̀, ibẹ̀ náà ni Àyìndé Barrister ti yọ fújì jáde. Magicsticks tó ń bá a ṣe ìlù wá ki ìlù àwọn ará Gúúsù Áfíríkà bọ abẹ́ ẹ̀. Tíátà ni Asake kà n'Ífẹ̀, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi èrò kún ìtàgé. Àǹtí télọ̀ ò kọrin kankan, wọ́n pè é ló jẹ́.

Télọ̀_Adó
Ẹ ṣé bọ̀dá, ẹ ti yọ mí nínú ìtìjú. Màmá Ìkẹ́rẹ́, mo ní kí àwọn ọmọ wá Ẹyẹ Àdàbà yẹn lọ́sàn-án yìí o. Oníbàárà kan tó wá bá mi jà nítorí búbá tí mi ò tíì rán, bó ṣe gbọ́ ọ báyìí ló wá àga jókòó, ó ní kí wọ́n tún un fi sí i, ìgbà tó máa lọ ó kí mi pé ó dàárọ̀. Ṣé ẹ ní irú ẹ̀ míì lọ́wọ́? Ọjọ́ Jímọ̀ ló ń padà bọ̀, mi ò sì tíì gé apá búbá náà.