Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Rottweiler mi: ṣé kí n ṣì jẹ́ kó bímọ?

Ìyá Queen, Adó-Èkìtì:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Queen, abo ajá Rottweiler mi, ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Bó bá ń sáré, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ló ń gbé pọ̀ bí ehoro. Bó bá sùn sórí táìsì, ó máa ń fi ẹsẹ̀ iwájú wọ́ ara rẹ̀ kó tó lè dìde. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n máa fún un ní kálísíọ̀mù, kí n sì máa bọ́ ọ yó bámúbámú. Ó ní bó bá dàgbà, kí akọ tòun gùn ún, ká pín ọmọ. Ẹnìkan tiẹ̀ ti san àsansílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Ọdẹ Ìkéré:
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ dá kálísíọ̀mù yẹn dúró lónìí. Ọmọ ajá ńlá tó ń jẹ oúnjẹ ajá gidi kò nílò rẹ̀, ó sì lè ba egungun tó ń dàgbà jẹ́.

Ohun tí ẹ sọ yìí jọ èyí tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní hip dysplasia. Orí egungun itan kò jókòó dáadáa sínú ihò ìbàdí, ó ń yẹ̀, wọ́n ń ha ara wọn, làkúrègbé á sì dé. X-ray ló máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Àjogúnbá ni, àmọ́ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló ń fà á nínú ẹ̀jẹ̀. Ìyá àti bàbá tó ń rìn geere lè bí ọmọ tó ń tiro. Oúnjẹ àpọ̀jù á tún wá dá kún un. Wọ́n ti fi ajá Labrador 48 wò ó ní Amẹ́ríkà: àwọn tí oúnjẹ wọn fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti ọmọ ìyá wọn, ìbàdí wọn sàn jù, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún méjì pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ.

Bàbá mi dẹ̀gbẹ́ lórí àpáta Ìkéré yìí. Ajá tó bá ń rẹ̀yìn lórí òkè, ẹnikẹ́ni kì í wá tọrọ ọmọ rẹ̀. Àwọn tó ń tajá báyìí, orí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ta ló ń wo ìdí? Ní Amẹ́ríkà, láti 1966 ni OFA, àjọ tó ń rí sí egungun àti oríkèé ẹran, ti ń yẹ X-ray ìbàdí ajá wò, wọn kì í sì fún ajá ní ìwé ẹ̀rí tí kò bá tíì pé oṣù 24.

Àgbẹ̀ Ikọ̀lé:
Ọ̀gá, ta ló lówó X-ray ajá? Ajá ìbílẹ̀ tèmi náà ń tiro o!

Ọmọ Ọdẹ Ìkéré:
Kò yọ tiwa sílẹ̀ lóòótọ́. Bówó ò bá tó, ẹ ní kí ẹni tó ni akọ fi àwọn ọmọ tí akọ yẹn ti bí rí hàn yín, àwọn tó ti dàgbà, kí wọ́n gun àtẹ̀gùn lójú yín. Kò tó X-ray, torí oríkèé ajá mìíràn á bàjẹ́ kò sì ní tiro. Àmọ́ ẹni tó bá kọ̀ láti fi wọ́n hàn, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìyá Queen:
Ẹni tó san àsansílẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ Ọdẹ Ìkéré:
Ẹ dá owó rẹ̀ padà, mà. Bí X-ray bá fi hàn pé ìbàdí ni, ẹ bi dókítà ìgbà tó yẹ kó yọ ilé ọmọ rẹ̀. Á ṣì máa ṣọ́lé fún yín. Kí ẹ sì wá nǹkan tí kì í yọ̀ tẹ́ sórí táìsì yẹn.