Mo kó ẹrù kọ̀ǹpútà mi sínú kéèsì tuntun, ó wá ń tàn ó ń kú. Ẹ gbà mí o

Àdùkẹ́_D
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi fẹ́ gùn, inú ló ń bí mi, mi ò sùn láti àná. Mo ní kọ̀ǹpútà kan tó ti pẹ́, irú èyí tí ilé iṣẹ́ ti tò pọ̀ délẹ̀ kí wọ́n tó tà á yẹn. Ó dúdú, ó burẹ́wà, ariwo fáànù ẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ tẹlifóònù, àbúrò mi ọkùnrin ní posí ni mo gbé sórí tábìlì. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo ra kéèsì tuntun, gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fáànù mẹ́ta níwájú tí iná wọn ń yí àwọ̀ padà. Mo fara balẹ̀ o! Mo ya fọ́tò gbogbo wáyà kí n tó tú u, mo kó síkúrù sínú ife ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí. Etí irin kéèsì àtijọ́ yẹn gé mi níka lẹ́ẹ̀mejì. Páálí irin ẹ̀yìn tí ihò USB máa ń gbà jáde, kò ṣeé yọ, ara kéèsì àtijọ́ ni wọ́n gé e mọ́, torí náà ihò gbàǹgbà ló wà lẹ́yìn tuntun báyìí. Wáyà bọ́tìnì iwájú kò bá pínnì mu, mo wà lórí ẹ̀ títí aago méjì òru kí n tó mọ èyí tó ń tan ẹ̀rọ. Nígbà tí mo parí mo gbé e nàró, mo tẹ bọ́tìnì, fáànù yí, iná tàn rẹrẹ, inú mi dùn, ó kú. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tàn, ó kú, àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣé kéèsì ni ò dáa ni? Ṣé kí n dá a padà?

Wáyà_Pupa
Kọ̀ǹpútà wo? Pírósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀, wo? Páwà tó ń fún un níná, àtijọ́ lẹ fi sí i àbí tuntun? Ẹ kọ gbogbo èyí tán, ẹ dárúkọ àbúrò yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò dárúkọ ẹ̀rọ. Fọ́tò dà?

Bàbá_Kékeré
Standoff ni. Mi ò tiẹ̀ ní wo fọ́tò. Àwọn òpó idẹ kéékèèké tí mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ ń so mọ́, ń jókòó lé. Tí ọ̀kan bá wà níbi tí bọ́ọ̀dù ò ní ihò, orí ẹ̀ á kan ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù níbi tí wọ́n jó òjé sí, iná á ṣẹ́, páwà á gé ara ẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Mo ti ra páwà tuntun, mo ti ra RAM, ìyẹn ìrántí ẹ̀rọ, tuntun, ìgbà tí mo wá tú bọ́ọ̀dù ni mo rí òpó kan tí mi ò yọ, ó ti fi àmì roboto sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ bí ẹni tẹ òǹtẹ̀. Ẹ tú u.

Ìyá_Ìbejì
Ọmọ mi, ẹ ti kánjú. Kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kì í ṣe ohun téèyàn kàn ń kó ẹrù ẹ̀ kúrò nínú ilé ẹ̀. Intel gbé ìlànà ATX jáde láti 1995 kí ihò bọ́ọ̀dù àti ẹnu páwà lè bára mu níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ó wu àwọn tó ń tò ó kí wọ́n ṣe tiwọn. Tèmi, mo ra páwà olówó ńlá, mo dé ilé, ẹnu ẹ̀ pínnì 24, bọ́ọ̀dù mi pínnì 6 ló ń wò mí bí adití. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dúró de wáyà tó so wọ́n pọ̀, ọkọ mi sì ń lo kéèsì òfìfo yẹn láti gbé fìtílà lé.

Síkúrù_Kan
Ẹ yọ RAM, ẹ nu ẹnu ẹ̀, ẹ tì í padà kó dún "kà".

Àdùkẹ́_D
Ẹ ṣeun. Páwà àtijọ́ ni, ó wọlé wẹ́rẹ́, gbogbo wáyà bọ́ọ̀dù ló jẹ́ tiẹ̀. Standoff, mo kà á, ihò mẹ́fà, òpó mẹ́fà, èmi kì í ṣe ọmọdé. Màmá Ìbejì, mi ò kánjú, ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Ohun tó ń dùn mí ni gíláàsì yìí, ìka ọwọ́ ti kún ara ẹ̀.

Síkúrù_Kan
Ẹ ò dáhùn ti RAM.

Olówó_Iná
Ṣé ẹ wọ okùn ọwọ́ tó ń gbé iná ara lọ? Tí ẹ ò bá wọ̀ ọ́, iná ara yín ti pa á.

Bàbá_Kékeré
Okùn ọwọ́ kẹ̀? Láti ọjọ́ tí mo ti ń tú ẹ̀rọ mi ò wọ̀ ọ́ rí. Mo ń fọwọ́ kan irin páwà, ó tán.

Olówó_Iná
Ìdí nìyẹn tí tiyín fi ń kú, tí ẹ wá ń dá òpó idẹ lẹ́bi.

Wáyà_Pupa
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ jà níta. Bọ́ọ̀dù tí iná ara bá pa kì í sábà tàn kó tó kú. Àǹtí Àdùkẹ́, orúkọ ẹ̀rọ ni mo ṣì ń bèèrè o.

Jẹ́jẹ́_Layé
Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ọ̀kan péré. Lówùúrọ̀, tó bá ti sinmi mọ́jú, ṣé ó máa ń pẹ́ kó tó kú? Tí ẹ bá wá tún un tẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣé kì í pẹ́ tó ti àkọ́kọ́?

Àdùkẹ́_D
Hẹn! Báwo lẹ ṣe mọ̀? Láàárọ̀ yìí ó dé ojú Windows, mo tiẹ̀ ṣí fọ́tò kan. Mo tún un tẹ̀, kò dé ibẹ̀ mọ́. Ìkẹta, kò ju kéèyàn ka ení dé ogún lọ.

Jẹ́jẹ́_Layé
Ooru ni. Standoff tó ń ṣẹ́ iná ò mọ àárọ̀ mọ alẹ́. Báwo lẹ ṣe de irin kúlà tó wà lórí pírósẹ́sọ̀?

Àdùkẹ́_D
Ó dáa, ìyẹn. Síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ gùn, inú irin kéèsì àtijọ́ ni ẹnu wọn ń wọ̀, wọ́n ń gba inú bọ́ọ̀dù kọjá. Nínú tuntun kò sí nǹkan kan lẹ́yìn tí wọ́n máa di mú, wọ́n kàn ń yí lásán. Mo bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mì o! Ìpara tó wà láàárín wọn ti gan, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, mo sì fi okùn ike kan fà á mọ́ ara kéèsì. Fáànù ẹ̀ sì ń yí dáadáa, ìdí tí mi ò fi dárúkọ ẹ̀ nìyẹn.

Wáyà_Pupa
Okùn ike.

Ìyá_Ìbejì
Yéè! Ẹ pa á, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà lára ògiri!

Jẹ́jẹ́_Layé
Ẹ fọkàn balẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má bàjẹ́, ó ń pa ara ẹ̀ kó má baà jó ni. Púpọ̀ nínú pírósẹ́sọ̀ Intel, tí ooru ẹ̀ bá ń sún mọ́ 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ á gé iná. Fáànù lè máa yí títí, tí irin yẹn ò bá tẹ̀ mọ́ orí pírósẹ́sọ̀ gírígírí kò sí ooru tó máa gbà. Ìpara yẹn, ihò tí ojú ò rí ló wà fún, kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Ìgbà tí ẹ gbé kéèsì nàró, ìwúwo irin ló ń fà á wálẹ̀, òkè ẹ̀ á ti là díẹ̀. Ẹ mú rúlà, ẹ wọn ihò kúlà lára bọ́ọ̀dù, láti àárín ihò kan sí àárín èyí tó tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe ìdábùú. Tó bá jẹ́ mílímítà 75, kúlà tí wọ́n ṣe fún ojú ìjókòó pírósẹ́sọ̀ Intel tí wọ́n ń pè ní LGA 1155, 1150 tàbí 1151 á wọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ 72, LGA 775 ni. Ẹ ra èyí tó ní àwo ẹ̀yìn tiẹ̀, àwo yẹn ló máa di síkúrù mú dípò kéèsì. Ẹ fi ọtí ìfọgbẹ́ nu ìpara àtijọ́ kúrò pátápátá, kí ẹ kán tuntun kékeré sí àárín.

Síkúrù_Kan
Wọ́n lè gé irin ẹ̀yìn kúlà lára kéèsì àtijọ́ náà, mo ti rí ẹni tó ṣe é.

Àdùkẹ́_D
Àbúrò mi ti gbé kéèsì àtijọ́ lọ, bàtà ló ń kó sí i. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ọ́, fídíò tí mo wò kò sọ pé kúlà máa ń gba ara kéèsì. Ọmọkùnrin yẹn kàn yọ ọ́ ó gbé e wọlé, ẹ̀rín ló ń rín.

Wáyà_Pupa
Bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ ló gbé, tiwọn kì í bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ kéèsì. Ìdí tí mo fi ń bèèrè orúkọ ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ nìyẹn. Ẹ tún gbọ́, tó bá tàn tán tó sì kọ ọ́ sójú pé òun ò rí fáànù òun tàbí wáyà iwájú òun, ẹ má pariwo, bọ́ọ̀dù irú wọn máa ń wá ti ilé wọn. Ẹ tẹ F1, á kọjá.

Olówó_Iná
Windows á sì ní kí wọ́n ra ìwé àṣẹ tuntun.

Wáyà_Pupa
Bọ́ọ̀dù kan náà ni, ara ẹ̀ ni ìwé àṣẹ ń so mọ́, kò ní sọ nǹkan kan.

Àdùkẹ́_D
Mo dé o. Sẹ̀ǹtímítà méje ààbọ̀ géérégé, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Kúlà tuntun ti wọlé, àwo ẹ̀yìn ẹ̀ ti di síkúrù mú, nígbà tí mo yọ ti àtijọ́ mo rí i pé ìpara kan ìdajì péré, apá òkè gbẹ kú bí ẹfun. Ó ti lo wákàtí méjì láìkú. Òótọ́ ni, ó ń bèèrè fáànù kan lójú gbogbo ìgbà tí mo bá tàn án, mo ń tẹ F1. Ihò ẹ̀yìn yẹn ṣì wà gbàǹgbà, tẹ́ẹ́pù ni mo máa fi bò ó.

Bàbá_Kékeré
Ẹ ṣì wo standoff yẹn o.