Ìrírí Mi Lórí Lẹ́tà, Ọjà àti Oògùn Rírà ní Hamburg

Mo kí gbogbo yín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti sọ ìrírí tiwọn nípa gbígbé ní òkè òkun ṣáájú mi. Ìlú Hamburg ní orílẹ̀-èdè Jámánì ni èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa obìnrin ń gbé. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju àwọn iṣẹ́ ojoojúmọ́ tí ènìyàn ń ṣe nílé láìfi ọkàn sí i: oúnjẹ rírà, lẹ́tà gbígbà, oògùn wíwá, orúkọ fífi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba. Ní Ìbàdàn tí mo ti wá, bí iyọ̀ bá tán lálẹ́, a óò rán ọmọ sí ìyá tó ń pàtẹ lójúde, bí ìyá náà bá sì ti palẹ̀ mọ́, a óò kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Níhìn-ín, gbogbo nǹkan ló ní àkókò tirẹ̀ àti ìwé tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú yóò máa lọ, yóò máa bọ̀, láìrí nǹkan kan ṣe.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni pé kó rí i dájú pé orúkọ òun wà lára àpótí lẹ́tà àti lára agogo ẹnu ọ̀nà, kó tó tú ẹrù rárá. Àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ibí kì í sábà ní nọ́ńbà fún ilé kọ̀ọ̀kan tó wà nínú wọn. Orúkọ ni ẹni tó ń pín lẹ́tà ń wò, bí kò bá sì rí i, yóò dá lẹ́tà náà padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, inú àpótí yìí ni ohun gbogbo ń gbà wọlé: káàdì báńkì, nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lọ́tọ̀, nọ́ńbà owó orí, káàdì ìlera. Onílé wa fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ títí, orúkọ ẹni tó kó jáde ló ṣì wà níbẹ̀, káàdì ìlera ọmọ wa sì padà síbi tó ti wá. Ni ọkọ mi bá kọ orúkọ wa sórí bébà funfun, ó gé e rẹ́gí, ó sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí náà fúnra rẹ̀. Orúkọ ìdílé wa gùn, ojú ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí kò sì ju ìka méjì lọ, ṣùgbọ́n a kọ ọ́ wínníwínní kó lè pé, nítorí bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà gan-an ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ìforúkọsílẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Òfin ní kí ẹni tó bá kó wọ ilé lọ fi orúkọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Ìwé àdéhùn ilé nìkan kò tó. Ìwé tí onílé fọwọ́ sí pé lóòótọ́ lẹ ti kó wọlé ni wọ́n ń béèrè, láti ọdún 2015 ni òfin sì ti mú un ní dandan fún onílé láti fún yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àánú ni òun ń ṣe yín. Ní Hamburg, ọ́fíìsì àdúgbò èyíkéyìí láàárín ìlú lè fi orúkọ yín sílẹ̀, nítorí náà bí kò bá sí àyè ní tòsí, ẹ wá a síbòmíràn. Kùtùkùtù òwúrọ̀ ni mo máa ń gba àwọn tó bá bi mí nímọ̀ràn láti wá àyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí àyè àwọn tó bá fagi lé tiwọn máa ń yọ nígbà náà.

Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n yóò dé: 18.36 Yúrò lóṣù fún ilé kan, ẹ ní tẹlifíṣọ̀n o, ẹ ò ní o. Àwọn ará wa kan rò pé iṣẹ́ àwọn gbájúẹ̀ ni, wọ́n sọ ọ́ nù, gbèsè sì gorí gbèsè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àwọn tó kọ lẹ́tà náà lóhùn. Bí ẹ bá sì jọ ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú ẹlòmíràn tó ti ń san án, ẹ fi nọ́ńbà tó fi ń san án hàn wọ́n, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó san án nínú ilé.

Ọjọ́ Àìkú ló nira jù fún wa. Ṣọ́ọ̀bù tì, súpámákẹ́ẹ̀tì tì, ìgboro pa lọ́lọ́. Inú òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Jámánì ló wà, tí wọ́n mú láti inú ti ọdún 1919 wọ inú ti ọdún 1949, pé ọjọ́ ìsinmi ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà á lọ́wọ́ ènìyàn. Nígbà ọdún Àjíǹde, wọn a tì ní ọjọ́ Ẹtì, wọn a ṣí ní Àbámẹ́ta, wọn a tún tì ní Àìkú àti Ajé, ìlà tó máa ń wà nídìí owó sísan ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn sì máa ń gùn dé ìdí fíríìjì ẹran. Èmi kì í dúró dè é. Ọjọ́rú ni mo ti máa ń rajà. Tí nǹkan bá já lẹ́nu wa ní ọjọ́ Àìkú, àwọn ṣọ́ọ̀bù inú ibùdókọ̀ ojú irin ńlá máa ń ṣí, ilé epo náà sì ń ta nǹkan díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n.

Ọjà kan wà tí ọjọ́ Àìkú jẹ́ tirẹ̀, ìyẹn Fischmarkt (ọjà ẹja) tó wà létí odò Elbe, tí wọ́n ti ń ná láti ọdún 1703. Kùtùkùtù ni wọ́n ń ná an, ó sì ń tú ní agogo 9:30 òwúrọ̀. Bó bá ti ń kù díẹ̀ kó tú, àwọn tó ń ta èso á máa ké tantan, wọn a máa kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ òyìnbó kún agbọ̀n, wọn a sì máa dín owó rẹ̀ kù lójú gbogbo ènìyàn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, àfi bíi pé mo wà ní Bódìjà, ara mi sì yá gágá. Ní ti gàrí, èlùbọ́, ègúsí, epo pupa àti ata rodo, àdúgbò Steindamm tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ńlá náà ni a ti ń rà wọ́n, lọ́dọ̀ àwọn ará Áfíríkà ẹlẹgbẹ́ wa.

Ẹ má ṣe sọ ike omi nù. Sẹ́ǹtì 25 ni wọ́n ti gbà lọ́wọ́ yín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti lórí agolo ohun mímu pẹ̀lú. Ẹ ó ki ike náà bọ inú ẹ̀rọ tó wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ á yí i po kó lè ka àmì ara rẹ̀, á sì tẹ rìsíìtì jáde tí ẹ ó fún ẹni tó ń gbowó, kó lè dá owó yín padà. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ pa, kò ní í gbà á. Àwọn tí kò bá fẹ́ dá tiwọn padà máa ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ garawa ìdọ̀tí, kí ẹni tó ń ṣa á má baà ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀gbin. Mo fẹ́ràn àṣà yìí gan-an.

Màmá àgbà kan wà ní ìsàlẹ̀ ilé wa tó máa ń bá wa gba ẹrù tí a kò bá sí nílé, ọmọ wa sì ń pè é ní Màmá. Òun ló gbà wá ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan tí ara ọmọ náà gbóná janjan, tí oògùn sì ti tán nílé. Ní Jámánì, ẹ kò lè rí parasitámọ̀ rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, kódà àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ọṣẹ àti ìlédìí ọmọ kì í tà á. Ilé oògùn nìkan ni, gbogbo wọn sì ti tì. Màmá ní kí n sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé oògùn èyíkéyìí, nítorí dandan ni kí wọ́n lẹ àdírẹ́sì èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru mọ́ ibẹ̀. Mo fi iná fóònù kà á, mo wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo débẹ̀ tí mo tẹ agogo, fèrèsé kékeré kan ṣí lára ilẹ̀kùn, obìnrin kan yọjú, ó béèrè ọjọ́ orí ọmọ àti bó ṣe wúwo tó ní kílò. Ó fi bírò fa ìlà sára síríńjì kékeré tó wà nínú páálí oògùn náà, ó ní kí n má ṣe fà á kọjá ibẹ̀, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi 2.50 Yúrò kún owó oògùn, iye tí wọ́n ń gbà fún iṣẹ́ òru àti ọjọ́ Àìkú nìyẹn.

Màmá náà ló kọ nọ́ńbà 116117 fún wa, tí ènìyàn ń pè bí ó bá nílò dókítà nígbà tí àwọn dókítà àdúgbò ti tì, àti 112 fún ọ̀ràn ẹ̀mí. A lẹ̀ wọ́n mọ́ ara fíríìjì, ibi tí ìyá ọkọ mi, tó wá bá wa tọ́jú ọmọ, lè tètè rí wọn bí èmi àti ọkọ mi bá wà níbi iṣẹ́.