Géèmù parí, ta ni yóò bá wa gbé e dé ọjà?

Láti Ìbàdàn:

Ọdún 3 gbáko ni mo fi ṣe géèmù ayò kan nínú yàrá mi ní Mọ́kọ́lá, nígbà tó sì parí, ọ̀nà tí n óò gbà tà á ni kò yé mi. Dọ́là 100 ni Steam, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta géèmù kọ̀ǹpútà, ń gbà kí èèyàn tó lè gbé géèmù kan síbẹ̀, wọn a sì dá a padà bí géèmù náà bá ti pa tó dọ́là 1,000. Owó wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún 2023 ni, ọ̀pọ̀ báńkì wa kò jẹ́ kí káàdì náírà ra nǹkan nílẹ̀ òkèèrè mọ́, gbogbo káàdì tí mo gbìyànjú ni wọ́n kọ̀. Àbúrò mi tó wà ní Houston ló bá mi san án.

Kí n tó san án, mo ti kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá èèyàn gbé géèmù jáde. Ẹyọ kan péré ló fèsì. Wọ́n yin iṣẹ́ náà, wọ́n sì fi ìwé àdéhùn olójú ewé 14 ránṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo mú bírò pupa, mo ń fa ìlà sábẹ́ ohun tí kò bá yé mi. Ojú ewé 9 ni mo ti rí i pé wọn yóò kọ́kọ́ yọ gbogbo owó tí wọ́n bá ná sórí ìpolówó kí kọ́bọ̀ tó kàn mí, kò sì sí ibi tí wọ́n ti sọ iye tí owó náà kò gbọdọ̀ kọjá. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní bí mo bá ṣe apá kejì, àwọn ló ni ín. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá iye kan fún ìpolówó. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbúròó wọn mọ́. Ó dùn mí dọ́kàn, síbẹ̀ n kò kábàámọ̀.

Mo gbé e jáde fúnra mi. Steam ń mú ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì tún ń yọ ìdá 30 owó orí nínú ìpín tèmi lórí èyí tí wọ́n bá tà l'Amẹ́ríkà, nítorí pé Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà kò ní àdéhùn owó orí.

Láti London:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Níbi tí mo wà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo fi san dọ́là 100 náà, àdéhùn owó orí tó wà láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kò sì jẹ́ kí wọ́n yọ owó orí yẹn nínú tèmi. Ṣùgbọ́n kí àwọn ilé-iṣẹ́ tí mo kọ̀wé sí tó ṣí géèmù mi wò rárá, iye èèyàn tó ti fi orúkọ géèmù náà sínú àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n fẹ́ rà lórí Steam ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi mí. Ọ̀kan ti wá gbà báyìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló sì ní kí n fọwọ́ sí ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ojú ewé 9 yẹn ránṣẹ́ lálẹ́ yìí, kí n lè fi wé tèmi.