Ìka mi ń kú lórí kẹ̀kẹ́, kí ni kí n ṣe?
Ẹ̀yin tó ti gun kẹ̀kẹ́ rìn jìnnà rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Awakọ̀ tó mutí yó ló pa àbúrò mi. Èmi àtàwọn mẹ́fà kan fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ fún 900 kìlómítà láti kówó jọ fún àwọn ẹbí tírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Orúkọ àbúrò mi ni mo lẹ̀ mọ́ ọ̀pá iwájú kẹ̀kẹ́ mi.

Tí mo bá ti kọjá 60 kìlómítà, ìka mi tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e á kú, mi ò ní lè fa bíréèkì dáadáa. Mo ti wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, pàbó ló já sí. Ṣé kí n gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè ni, àbí ìjókòó ló dagun síwájú jù? Ẹ má ní kí n jókòó sílé o, ìyá mi ti ń sọ ìyẹn tó.