Ta ló ti fi ìbọn ìléwọ́ ránṣẹ́ rí kí wọ́n bá a tún un kùn? Ẹ wá sọ bó ṣe lọ

Àdìsá Houston:
Ẹ kú ilé o. Revolver Smith & Wesson àtijọ́ kan (ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí po) wà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe olówó gọbọi, àmọ́ mo fẹ́ràn rẹ̀. Àwọ̀ dúdú rẹ̀ ti ń ṣí, ẹnu rẹ̀ sì ti ń dógùn-ún. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dáa tí mo fẹ́ kó bá mi tún un ṣe, ìpínlẹ̀ míì ló wà. Báwo lẹ ṣe fi tiyín ránṣẹ́ tí ẹ ò wọ wàhálà?

Bàbá Tọ́lá:
Má gbé e lọ sí pósí ófíìsì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Dallas:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. 2023 ni. Ìbọn ìléwọ́ Glock 19 ni, mo fẹ́ kí wọ́n fi Cerakote, ọ̀dà líle tí wọ́n ń fọ́n sára irin, kùn ún, kó ní àwọ̀ iyanrìn. Mo ti ka òfin ìbọn Amẹ́ríkà ti 1968 dáadáa: tí òfin ò bá ti ní kí o má ní ìbọn, o lè fi tìẹ ránṣẹ́ sí ẹni tó ní láíséǹsì ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ ìbọn kó tún un ṣe, kódà kó wà ní ìpínlẹ̀ míì. Tó bá ṣe é tán, òun náà lè dá a padà sílé rẹ tààrà. Ọkàn mi balẹ̀. Mo di páálí mi, mo gbé e lọ sí káńtà ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní, "Kí ló wà nínú rẹ̀?" Bí wọ́n ṣe tọ́ mi, mi ò lè purọ́. Mo ní, "Ìbọn ni."

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ìyá kan tó wà lẹ́yìn mi fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Mánéjà yọ láti ẹ̀yìn, ó ní àwọn kì í gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ò ní láíséǹsì. Mo ṣí òfin hàn án lórí fóònù. Ó ní tìjọba nìyẹn, pé ilé-iṣẹ́ àwọn ló ni èyí. Mo rọra gbé páálí mi, mo ń fẹ̀yìn rìn jáde, kí ẹnì kan má baà rò pé mo fẹ́ fa nǹkan yọ.

Ṣadé B.:
Fẹ̀yìn rìn 😂😂😂 Mo ń kà á níbi iṣẹ́, wọ́n ti ń wò mí.

Kọ́lápọ̀:
Ta ló ní kí o sọ fún wọn? O ò bá ní ẹ̀rọ ilé ìdáná ni.

Àgbà Ọdẹ Atlanta:
Kọ́lápọ̀, má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Òfin ní kí akẹ́rù má fipá mú ẹni pé kó lẹ ìwé tó ń polongo ìbọn mọ́ ara páálí, nítorí olè. Ìyẹn ò ní kí ẹ purọ́ tí wọ́n bá bi yín. Tó bá sọnù lọ́nà ńkọ́, ṣé ẹ̀rọ ilé ìdáná lo máa lọ fi sun ọlọ́pàá?

Àdìsá, bó ṣe wà nìyí. Láti nǹkan bí 2022 ni àwọn akẹ́rù UPS àti FedEx kì í ti í gba ìbọn lọ́wọ́ èèyàn lásán mọ́, àfi lọ́wọ́ oníláíséǹsì. Ti pósí ófíìsì, ní 1927 ni wọ́n ti ṣe òfin pé ẹni tí ò ní láíséǹsì kò gbọdọ̀ fi ìbọn ìléwọ́ ránṣẹ́ níbẹ̀. Ìbọn gígùn ni tiwọn yàtọ̀. Nítorí náà, gbé e lọ bá oníṣòwò ìbọn àdúgbò rẹ tó ní láíséǹsì. Yóò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, yóò bá ọ rán an. Ogójì dọ́là ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, owó ọkọ̀ lọ́tọ̀.

Ìyá Ìbejì Maryland:
Ọmọ Ìjẹ̀bú, Glock lo pè é, àbí? Kí ló dé tó o kó gbogbo rẹ̀? Ara ìsàlẹ̀ tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìbọn wà lára rẹ̀ ni òfin àpapọ̀ ń pè ní ìbọn. Irin òkè tó ń sún síwá sẹ́yìn yẹn, irin lásán ni lójú òfin. Èmi tú tèmi, mo fi aṣọ wé irin òkè, mo sì fi ránṣẹ́ ní pósí ófíìsì bí ẹni fi gèlè ránṣẹ́ sí àbúrò. Ó padà dé, mo tò ó pọ̀. Ìsàlẹ̀ ò kúrò nílé.

Kọ́lápọ̀:
Ẹ̀yin fúnra yín lẹ tú u? Àbí dádì àwọn ìbejì?

Ìyá Ìbejì Maryland:
Ẹni tó ń se ọbẹ̀ igba èèyàn níbi ìnáwó, irin mẹ́rin ni kò ní lè tú? Dádì wọn ò mọ ibi tí mo fi í sí pàápàá.

Ṣadé B.:
Kọ́lápọ̀ ti gbọ́ tiẹ̀ 😂

Ọmọ Ìjẹ̀bú Dallas:
Màmá, ẹ ò bá ti sọ fún mi ní 2023. Ìtìjú yẹn ò bá má bá mi.

Àdìsá Houston:
Ẹ ṣé, mà. Àmọ́ ti revolver ò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí irin òkè tí mo lè yọ, ara tó ni nọ́ńbà náà gan-an ló fẹ́ kíkùn.

Túnjí A.:
Ẹ má bínú, ìwé ni mo wá kà, físà akẹ́kọ̀ọ́ ló wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ra tèmi, ṣé ọ̀nà yìí náà ni?

Bàbá Tọ́lá:
Àbúrò, má fọwọ́ kàn án.

Àgbà Ọdẹ Atlanta:
Òótọ́ ni Bàbá Tọ́lá sọ. Òfin àpapọ̀ kò gba onífísà bíi tìẹ láyè láti ní ìbọn, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Tó o bá gba green card, ọ̀rọ̀ dòmíì.

Rásákì Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ gbé e wá sílé jàre. Alágbẹ̀dẹ kan wà lẹ́yìn ilé wa, ó tún ṣakabùlà bàbá mi ṣe, ó ń dán bí àwo tuntun.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Dallas:
Kí wọ́n bá ìbọn nínú báàgì mi ní pápá ọkọ̀ òfurufú láìní ìwé àṣẹ? Ìtàn ẹ̀wọ̀n nìyẹn, kì í ṣe ìtàn ìrírí.

Ṣadé B.:
Ẹ bi í bóyá yóò tún fẹ̀yìn rìn ní pápá ọkọ̀ òfurufú.

Baṣọ̀run L.:
Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ó yẹ kó kùn ún rárá? Smith àtijọ́! Ẹni tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ, àwọ̀ tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ló ń sanwó lé. Mo gbé ọ̀kan fún ẹnì kan ní 2019, ó fi ẹ̀rọ yọ ọ́ dán títí gbogbo igun rẹ̀ fi yí róbótó, orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé nọ́ńbà ṣì ṣeé kà, torí ìbọn tí wọ́n bá ti pa nọ́ńbà rẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kéèyàn mú un dání. Dúdú rẹ̀ rẹwà o, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ rà á wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e sílẹ̀.

Àdìsá Houston:
Mi ò tà á, sà.

Baṣọ̀run L.:
Gbogbo wa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Maryland:
Ó ní òun ò tà á. Ẹ jẹ́ ó kun nǹkan rẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, tí ẹ bá kó nǹkan jọ, ẹ á ní ọrọ̀ ni.

Kọ́lápọ̀:
Ìbéèrè o. Nígbà tí tèmi padà sọ́wọ́ dílà, ó ní kí n tún kọ fọ́ọ̀mù 4473 bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra ìbọn. Ṣé ìbọn mi kọ́ ni?

Àgbà Ọdẹ Atlanta:
Òfin ò béèrè fọ́ọ̀mù tó bá jẹ́ ẹni tó gbé e wá fún àtúnṣe ni wọ́n ń dá a padà fún. Ìbẹ̀rù ló ń mú àwọn kan ṣe é. Àdìsá, béèrè lọ́wọ́ tìẹ kí o tó sanwó.

Àdìsá Houston:
Mo ti pè é báyìí. Dọ́là márùndínláàádọ́ta, kò sí fọ́ọ̀mù tó bá padà. Lọ́la ni n ó gbé e lọ.

Bàbá Tọ́lá:
Yọ ọta inú rẹ̀ kí o tó kúrò nílé.

Àdìsá Houston:
Mo ti yọ ọ́, sà. Mo sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì.