Tápà ni ìyá tó bí bàbá mi: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Ọmọ Bẹẹrẹ:

Ẹ kú ilé o. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà tutọ́ sínú ike kékeré kan, ó fi ránṣẹ́ sáwọn tó ń yẹ DNA wò, kí wọ́n lè sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ọjọ́ tí èsì dé, òru ló pè mí. "Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mìíràn wà lára mi." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé bàbá rẹ̀.

Tápà ni ìyá tó bí bàbá wa. Ìlẹ̀kẹ̀ Bídà ni bàbá wọn máa ń kó wọ ọkọ̀ ojú irin wá tà n'Íbàdàn, kó tó di pé ó fi ọmọ fún agboolé wa. Àbúrò mi ò bá màmá láyé, èmi bá wọn. Ilà ojú wọn ò jọ ti ìyàwó ilé kankan, mo sì máa ń fi ìka tọ̀ ọ́ bí mo bá jókòó tì wọ́n. Kò sẹ́ni tó fi pa mọ́ fún un, a kàn gbàgbé láti sọ ni. Ìyẹn dùn mí.

Lóru yẹn ni ohun tí mo kọ́ nígbà tí mò ń kàwé nípa ẹ̀dá èèyàn àti àṣà wọn sọ sí mi lọ́kàn. Lọ́dún 2002, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap, láti wo bí DNA èèyàn ṣe yàtọ̀ síra. Ìbàdàn wa níbí wà lára ibi tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀: ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ, èèyàn 90. YRI ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn Yorùbá tó wà n'Íbàdàn, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣojú gbogbo adúláwọ̀. Títí dòní làwọn onímọ̀ káàkiri ayé ń fi wọ́n ṣe àfiwé.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ẹni tó jẹ́ Yorùbá? Wọ́n bèèrè ni. Ẹni tó bá ní Yorùbá ni òbí àwọn òbí òun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n gbà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ṣáájú ẹ̀rọ. Ká ní bàbá mi lọ síbẹ̀, àwọn tí oríkì ilé wa kì í tán lẹ́nu wọn, ìyá wọn nìkan ni ì bá dá wọn padà. Bẹ́ẹ̀ ìtàn sọ pé ọmọ ọba Tápà ni ìyá Ṣàngó. Ta ló jẹ́ sọ pé Ṣàngó kì í ṣe tiwa?

Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Ẹniọlá:

Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, bọ̀ọ̀dá. Kóráà ni bàbá tó bí bàbá tèmi, ará Lẹ́bánónì tó ń ta aṣọ ní Gbági àtijọ́. Òjé ni ilé ìyá mi. Àwọ̀ mi ló ń ṣíwájú mi dé ibi gbogbo. Ní ọjà Bódìjà, ìyá kan sọ fún èkejì rẹ̀ níṣojú mi pé kó fowó lé ata, òyìnbó ò mọ iye tí wọ́n ń tà á. Mo ní, "Ìyá, sé ẹ ẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́hun ni? Ọmọ Òjé ni mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bu èènì lé e. Èmi ò rẹ́rìn-ín délé. Ọmọ ogójì ọdún ni mí, mi ò gbé ìlú mìíràn rí, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni mò ń fẹnu san owó ibodè ní ìlú tí wọ́n bí mi sí.

Ọmọ Bẹẹrẹ:

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Owó ibodè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti àná.

Mo padà pe àbúrò mi. Kò sọ ti DNA mọ́, ó ní báwo ni ilà ojú màmá ṣe rí. A ò ní fọ́tò wọn kankan. Mo bá gbé fóònù lọ bá àbúrò bàbá wa obìnrin, ẹni ọdún 81. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n fi ìka fa ilà náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn, lápá ọ̀tún, lẹ́yìn náà lápá òsì. Àbúrò mi ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un fà.